Wọ́n Ní Kí N Sọ Bí Ọ̀nà Ṣe Rí

Ojo ni mí. N kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá, gbogbo àwọn tí a jọ dàgbà ní Kàbà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ajá bá gbó ní ìkóríta, èmi ni n ó kọ́kọ́ wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ìyàwó mi a máa ní bí olè bá wọlé wa, òun ni yóò dìde, èmi ni n ó máa fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ olè lábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀rín la máa ń fi í rín tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà wa, ẹ̀rín náà kò pọ̀ mọ́, nítorí àwọn tó láyà pàápàá ti di ẹgbẹ́ mi.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú. Ọmọ ilẹ̀ wa kan tó ń gbé lókè òkun ló kó igi, ìbọ̀wọ́ awọ àti bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí wa, ó sì ní kí a ro ilẹ̀ kan fún pápá bẹ́síbọ́ọ̀lù. Àwọn ará ìlú ń pe eré náà ní bọ́ọ̀lù onígi. Bí àwọn ọmọ bá gbé igi kọ́ èjìká kọjá lọ́jà, àwọn ìyá oníṣu á bi wọ́n pé ejò wo ni wọ́n fẹ́ lọ pa. Ọmọbìnrin mi ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ wa. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń le débi pé n kì í fẹ́ dúró níwájú rẹ̀, ẹ sì ti mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Bó ṣe di pé wọ́n gbé ìdíje àwọn ọmọ ilé-ìwé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá sí pápá wa nìyẹn. A múra títí, a kun ògiri, a wá ilé tí àlejò yóò sùn sí. Àfi bí àwọn àlejò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn Gánà kò rí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn la gbogbo ẹnubodè wọ̀nyẹn kọjá. Àwọn Bùrùkínà ní ọ̀rọ̀ ìjọba àwọn àti ti àwọn aládùúgbò ti dojú rú, wọn kò mọ ìwé tí wọn yóò fi kọjá mọ́. Ní Tógò, àwọn òbí gbọ́ ìròyìn ajínigbé lórí rédíò, wọ́n ní ọmọ àwọn kò lọ síbì kankan. Ó wá ku àwọn Bẹ̀nẹ̀, àwọn tí a ń pè ní ará Kútọnu. Bí àwọn náà kò bá wá, ìdíje ti fọ́ nìyẹn, nítorí àwa nìkan kò lè máa bá ara wa díje.

Obìnrin ará Kétu kan ni olùkọ́ wọn. Yorùbá ni èdè abínibí rẹ̀, Faransé kàn máa ń já wọ̀ ọ́ láàárín ni. Ó pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán.

"Tíṣà, mo fẹ́ bi yín ní ohun kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn dá mi lóhùn. Ẹ̀yin alára, ṣé ẹ lè gbé ọmọ yín sí ojú ọ̀nà yẹn?"

Kò dúró gba èsì.

"Tí ọmọ yín bá lè wá pàdé àwọn ọmọ mi ní Ọmùò, kó wọ ọkọ̀ wa, kí wọ́n jọ lọ sí Kàbà, a óò wá. Tí kò bá lè wá, ẹ má bínú."

Ohùn rẹ̀ ròkè nínú fóònù, ọmọ mi sì wà nítòsí. Kí n tó yíjú, ó ti lọ ń fọ bàtà rẹ̀. Ojú tì mí láti pè é padà. Ìyẹn nìkan ni mo fi gbà, ẹ má wá ìdí mìíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò ní ilẹ̀ wa báyìí a kọ́kọ́ pe àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà. Á bi wọ́n pé báwo lọ̀nà, wọn á ní, "A dúpẹ́, ọ̀nà dáa." Mo pe ènìyàn mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbéra, èsì kan náà ni gbogbo wọn fọ̀. Wọn kò parọ́ fún mi. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo jí, kódà kí ibà máa gbọ̀n ọ́, ṣé kì í ṣe a dúpẹ́ ni wàá sọ? Èmi náà, bí wọ́n bá pè mí, ohun tí n ó sọ nìyẹn.

Ìyàwó mi bá wa dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Kò sunkún, kò sì dá wa dúró, ó kàn kí wa bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ wa.

"Òkun o. Bí ẹ bá dé Ọmùò, kí ẹ pè mí. Bí kò bá sí netiwọ́ọ̀kì, kí ẹ ṣáà pè mí bẹ́ẹ̀ náà."

Ọmọ Ìyàgbà ni awakọ̀ wa, onígbàgbọ́ tí kì í wakọ̀ láìkọ orin. Èmi ń ka Áyátù Kúrísíyù, ẹsẹ̀ Kùránì tí a fi ń wá ààbò, nídìí tèmi. Ó yíjú wò mí, ó ní, "Tò, Àfáà, ẹ máa ka tiyín, kí n máa kọ tèmi. Kò sí èyí tó pọ̀ jù." Èmi kì í ṣe àfáà, ó kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí a kọjá abúlé tó kẹ́yìn, tí koríko ga ju ọkọ̀ lọ lọ́tùn-ún lósì, òun náà dákẹ́ orin.

Lẹ́yìn kọ́nà kan la ti rí i. Kòrólà funfun kan ló dúró gedegbe sáàárín títì, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀, iná tí wọ́n fi ń yà sí ọ̀tún ṣì ń ṣẹ́jú. Gààrí ti dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹyẹ kankan kò tíì bà lé e. Kò sí ènìyàn níbẹ̀.

"Ẹ wólẹ̀!" ni awakọ̀ kígbe, ó sì tẹ iná mọ́tò. Ọ̀nà tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kòrólà náà kò tó, ó fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan gba inú koríko. Mo fa ọmọ mi sórí ilẹ̀ ọkọ̀, mo dùbúlẹ̀ lé e lórí. Mo ń retí ìró ìbọn. Ara mi ń gbọ̀n débi pé mo ń gbá orí ọmọ náà mọ́lẹ̀, mo sì mọ̀ nígbà tí ìtọ̀ bọ́ lára mi. Ọmọ mi na ọwọ́ jáde lábẹ́ mi, ó fi ìbọ̀wọ́ awọ rẹ̀ bo orí mi, ó sì dì í mú síbẹ̀.

A bá àwọn sójà níwájú, a ròyìn ohun tí a rí. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn ti gbọ́. Ó ní kí a máa lọ.

Ní gáréèjì Ọmùò, bọ́ọ̀sì àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ti dé ṣáájú wa. Àwọn ọmọ náà wà nílẹ̀, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti àkàrà. Bí wọ́n ṣe rí ọmọ mi pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ni wọ́n pariwo yè. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn dáadáa, síbẹ̀ kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù síra wọn láàárín àwọn ọkọ̀. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò bọ́ akoto eré kúrò lórí, olùkọ́ wọn ní orí rẹ̀ ló wà láti Kútọnu.

Obìnrin náà kúrú, ó dúró ṣinṣin. Ó wò mí lójú.

"Tíṣà, ẹ kú ọ̀nà. Báwo lọ̀nà?"

Ẹnu mi ti múra àtisọ pé a dúpẹ́. Mo ro pápá wa, mo ro ọdún tí ọmọ mi ti fi ń múra. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré, gbogbo wọn yóò wọ ọkọ̀. Wọ́n tilẹ̀ lè dé láyọ̀, àwa ṣáà ti kọjá láyọ̀. Mo tún wo ọmọ kékeré alákoto yẹn.

"Ẹ padà," ni mo wí. "Mo bẹ̀ yín, ẹ kó wọn padà nísinsìnyí."

Mo sọ ohun tí a rí fún un. Ó wo ṣòkòtò mi tó tutù, kò sì ní kí n ṣàlàyé ìyẹn. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Láti ilé ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ sòótọ́ fún mi," ló wí.

Ó pàtẹ́wọ́ pe àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn kan sunkún, àwọn kan ń bú u ní Faransé, ó ń tì wọ́n wọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ọmọ mi dúró pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tó jẹ́ tiwọn lọ́wọ́, ó ń wo ọkọ̀ wọn títí kò fi rí i mọ́. N kò lè sún mọ́ ọn.

Awakọ̀ wa ní, "Tò, Àfáà. Oòrùn ń lọ."

Ọmọ mi wọ ọkọ̀. Àga ṣófo láti iwájú dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò jókòó sórí ọ̀kankan, ilẹ̀ ló lọ jókòó sí kí awakọ̀ tó ṣíná.

"Bàbá," ló wí, "àwa ńkọ́? Ta ló máa sọ fún àwa pé ká padà?"

Mo jókòó sílẹ̀ tì í, awakọ̀ sì kọ orí ọkọ̀ sí Kàbà.