Ọmọ-Ogun Tí Bọ́lá Fi Ṣe Ìdẹ ní Port Harcourt

Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi o. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ìwé kejì ni mo kà dé, ṣùgbọ́n ní gbogbo Iléṣà, ẹ béèrè ẹni tó jẹ́ ọ̀ta ayò: èmi ni.

Àkùkọ ò tíì kọ tí mo fi wọ mọ́tò lọ wo Bọ́lá, ọmọbìnrin mi, ní yunifásítì Port Harcourt. Ó fẹ́ ta ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó tó ní ọba, ayaba, ẹṣin, ilé-ìṣọ́ àti ọmọ-ogun. Ẹni tó bá borí ni yóò ṣojú ilé-ìwé wọn l'Ékòó. Lórí afárá Onitsha, afẹ́fẹ́ já fìlà mi gbà lójú fèrèsé. Dírẹ́bà ní, "Oga, river don collect toll!" Mo rẹ́rìn-ín, orí tó ń dé fìlà ṣáà wà níbẹ̀.

Ní Alakahia, lẹ́bàá yunifásítì náà, mo ra bọ́ọ̀lì kan. Ẹ̀pà la fi ń jẹ tiwa. Ẹja yíyan àti ata elépo ni wọ́n fi ń jẹ tiwọn. Kí n má purọ́, tiwọn dùn jù.

Gbọ̀ngàn eré pa rọ́rọ́. Amadi, ọmọkùnrin gìrìwò kan láti Rumuodara, ló jókòó dojú kọ Bọ́lá. Bọ́lá ti ọmọ-ogun iwájú ayaba rẹ̀. Amadi ti tirẹ̀ wá pàdé rẹ̀. Ni Bọ́lá bá ti òmíràn síbi tí wọ́n ti lè jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́! Nídìí ayò tiwa, òǹwòran ló ń pariwo jù. Mo nàka, mo figbe ta: "Bọ́lá! Ọ̀pẹ! Wọ́n á jẹ ẹ́ o!"

Adájọ́ dìde. Wọ́n ní òǹwòran kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀; bí Amadi bá fẹjọ́ sùn, Bọ́lá lè pàdánù eré náà. Àfi bí Amadi ṣe rẹ́rìn-ín: "Abeg, leave Papa. E don show me meat, make I chop."

Ó jẹ ẹ́. Wọ́n lé mi síta, mo bá ń wò lójú fèrèsé. Amadi kò fẹ́ kí ohun tó jẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ti ọmọ-ogun mìíràn wá ṣọ́ ọ; Bọ́lá jẹ ọ̀kan, Amadi náà jẹ ọ̀kan padà. Láìpẹ́, ayaba Bọ́lá yọ lójijì, ó dojú kọ ilé-ìṣọ́ tó wà ní igun. Kí Amadi tó gba ilé-ìṣọ́ là, ẹṣin rẹ̀ ti lọ. Kò gbádùn mọ́ títí wọ́n fi mú ọba rẹ̀.

Amadi bọ̀ mí lọ́wọ́ níta. "Papa, na your shout kill me. I think say she mistake am."

Bọ́lá ní, "Bàbá, Kuíìnsì Gáńbíìtì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ìdẹ ni."

"Ṣé o rí i pé èmi ni mo borí?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ṣùgbọ́n tá a bá dé Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́!"

Mo ti padà sí Iléṣà. Nídìí ayò, mo ń dákẹ́ báyìí, wọ́n rò pé ara mi ò yá ni. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó sọ ẹran sílẹ̀ lè jẹ́ ọdẹ.

Ohun tí gbogbo wa pàdánù: ọmọ-ogun mẹ́ta, ẹṣin kan, fìlà kan.