Àga Tí Wọ́n Fún Mi Nídìí Ilẹ̀kùn Kíṣìnì

Kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ará Skọ́tílándì ló kó àìsàn ìgbàgbé ran ọkọ mi. Mo fẹ́ kí ìyẹn yé gbogbo ènìyàn kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá ti lanu báyìí, ohun tí wọ́n fi ń pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn: "Ẹ fara balẹ̀, àìsàn ni." Mo mọ̀ pé àìsàn ni. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ àga ni mo ní í sọ.

Ọmọ Skọ́tílándì ni ọkọ mi. Yunifásítì kan níbẹ̀ la ti pàdé, ó sì ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù kí bàbá mi tó fi mí fún un. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí oṣù kìíní ọdún tí a kì í lọ jẹun ọ̀sán pẹ̀lú àwọn ará ìlú rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ní ọ̀nà Forest Hill. Àwọn ọkùnrin á wọ kílítì, aṣọ onílà tí wọ́n ń ró bí síkẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan á fọn fèrè alápò wọlé, wọn á gbé hágìsì tẹ̀lé e. Hágìsì yìí, fùkù, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn àgùntàn ni, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò mọ́ àlùbọ́sà àti ọkà òòtì, tí wọ́n rọ sínú ikùn àgùntàn, tí wọ́n wá sè. Kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde pẹ̀lú ọ̀bẹ, kó fi ewì gígùn ki oúnjẹ náà bí ẹni ń ki ọba, kó tó là á láàárín. Ọkọ mi ni akéwì wọn. Bó bá gbé ọ̀bẹ sókè, àwọn ọmọdé á sá sẹ́yìn ìyá wọn.

Nítorí hàláálì, èmi ni mo máa ń se tiwa láti ilé. Ẹ̀gbọ́n kan nínú àsàlátù wa, tó máa ń bá mi dé ọ̀dọ̀ alápatà ní Rye Lane, kì í yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyàwó Òyìnbó, fùkù náà tún ni? Àgùntàn yìí ò mà lẹ́ran lójú tìẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀, oúnjẹ àwọn àna mi ni."

"Àna tí ń jẹ fùkù, tó tún ń kéwì fún un! Ó dáa, ó kéré tán, wọ́n mọ oore."

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ lẹ́nu ọkọ mi. Ó gbàgbé orúkọ ọmọ wa. Ó gbàgbé ọ̀nà balùwẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá bá a bẹ̀rẹ̀ ewì yẹn, á gbà á lẹ́nu mi. Èmi Ìjẹ̀bú, mo jókòó, mo kọ́ ewì àwọn ará Skọ́tílándì sórí, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ Òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù pàápàá ò gbọ́. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, èmi á sọ ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, òun á parí rẹ̀. Bí mo bá wà níwájú rẹ̀, tó ń wo ẹnu mi, ó ń ké e dé òpin. Bí mo bá yà sí kíṣìnì, ó dákẹ́.

Bí ọjọ́ oúnjẹ náà ti ń sún mọ́lé, mo sọ èyí fún akọ̀wé ẹgbẹ́ lórí fóònù. Mo tún lọ bá a nílé ní Deptford, mo sọ ọ́ lójú rẹ̀. Mo ní, "Bóyá ẹ̀ẹ̀kan yìí ló kù tó máa lè dúró láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ bí ẹni tó jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó níwájú rẹ̀." Obìnrin náà di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má ṣèyọnu.

Ọjọ́ pé. Wọ́n fi ọkọ mi sí tábìlì iwájú, láàárín akọ̀wé àti alága. Àga tèmi wà nídìí ilẹ̀kùn kíṣìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi obìnrin. Mo lọ bá akọ̀wé. Ó ní tábìlì iwájú ti kún, àti pé òun fẹ́ kí n sinmi díẹ̀ lónìí. Ta ló bẹ̀ ẹ́ fún ìsinmi? Ọmọ mi fà mí láṣọ.

"Mummy, please, ẹ má start. Everybody ń wò wá."

"Kí wọ́n wò! Ṣé ojú wọn máa fọ́ ni?"

Mo jókòó.

Fèrè wọlé, hágìsì wọlé. Ọkọ mi dìde nínú kílítì rẹ̀, ó sì rẹwà, Ọlọ́run ló mọ̀. Ni akọ̀wé bá fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. Ọ̀bẹ rọ́bà funfun, irú èyí tí wọ́n ń fún ọmọdé níbi ọjọ́ ìbí. Wọn ò bi mí. Ọkọ mi yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ń wá ojú ọ̀bẹ. Kó tó lanu, wọ́n ti pàtẹ́wọ́, irú àtẹ́wọ́ tí à ń pa fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Àtẹ́wọ́ yẹn gba ìlà àkọ́kọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ń wo gbogbo ilé. Ẹnu mi ló ń wá.

Mo dìde, mo ju ìbẹ̀rẹ̀ ìlà sí i láti ìdí kíṣìnì. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé eré ni: obìnrin dúdú oníhíjáàbù tó ń pariwo ewì wọn láti ẹ̀yìn. Mo tún un jù. Ọkọ mi yíjú síbi tí ohùn ti wá, ṣùgbọ́n àwọn tó dìde láti wò mí ti dí i lójú. Ó jókòó.

Kí ni kí n ṣe? Bí wọ́n bá pe ẹlòmíràn, ó parí fún un nìyẹn. Mo ń ké ewì náà bọ̀ láàárín àwọn tábìlì, mo ń fi àlàfo sílẹ̀ fún un ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan bí a ti ń ṣe nílé. Èmi náà ni mo ń dí àlàfo náà. Nígbà tí mo fi máa dé iwájú rẹ̀, ewì ti tán.

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Ọkọ mi náà dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán. Ó tẹ̀ sétí akọ̀wé, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń rọra sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo wa la gbọ́ ọ:

"Ta ni obìnrin yẹn? Ó mọ̀ ọ́n o!"

Akọ̀wé nu omi ojú. Ó dì mọ́ mi, ó ní kò tíì sí irú èyí rí, ó ní èmi ni kí n máa ṣe é lọ́dọọdún. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo ní àga kan ṣoṣo ni mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá sọ ìbẹ̀rẹ̀ ìlà lẹ́yìn àsùbáà, ọkọ mi kì í parí rẹ̀ mọ́. Ó ń dúró kí n ké e tán. Lẹ́yìn náà, á pàtẹ́wọ́ fún mi.