Àǹtí Hilda Alábẹ́rẹ́ ti Bẹyẹrúnkà

Ọjọ́ tí Muslimat aránṣọ sáré bọ́ sí títì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án lójú ni gbogbo Bẹyẹrúnkà tó mọ irú iṣẹ́ tí Àǹtí Hilda ń ṣe. Orí ló ń fọ́ Muslimat. Àǹtí ti gún un níwájú orí àti ní ẹ̀bátí, ó ní kó dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Kò tíì ju ìṣẹ́jú méje lọ tí Muslimat gbọ́ ohùn oníbàárà rẹ̀ kan níta. Obìnrin náà ń sọ fáwọn èèyàn pé Muslimat ti ta aṣọ òun.

"Ta ló ta aṣọ?" Muslimat ti fò dìde.

"Muslimat, padà wá! Abẹ́rẹ́ wà lójú ẹ!"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n dá a lóhùn ná!"

Ó yọ sí wọn lójú ọ̀nà, abẹ́rẹ́ ń mì lójú rẹ̀ bí irunmú ológbò. Oníbàárà wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó kúnlẹ̀. Ó ní irọ́ lòun ń pa, kí wọ́n bá òun bẹ̀ ẹ́, òun ti fi aṣọ náà tọrẹ. Orí fífọ́ Muslimat lọ lójú ẹsẹ̀. Àǹtí Hilda ní abẹ́rẹ́ òun ló ṣe é.

Ọláyíwọlá káfíńtà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àǹtí Hilda ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, òun ló tọ́ ọ dàgbà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n "Àǹtí" ni kí gbogbo ayé máa pe òun. Ẹni tó bá pè é ní Màmá, abẹ́rẹ́ tó nípọn jù nínú páálí ni tirẹ̀.

Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ṣe ní kílíníìkì ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà kan tó ti kógbá wọlé tipẹ́. Dókítà obìnrin kan níbẹ̀, arúgbó kúkurú, ló kọ́ ọ níṣẹ́ abẹ́rẹ́ Ṣáínà, èyí tí wọ́n ń gún mọ́ ara láìsí oògùn nínú, fún ọdún mẹ́fà. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn. Àǹtí ní ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jà rí.

Nígbà tí ìyá náà ń padà sílé, ó fún un ní bébà ńlá kan tí wọ́n ya èèyàn sí, àmì tótòtó lára rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Èdè Ṣáínà ni wọ́n fi kọ orúkọ àwọn àmì náà. Àǹtí ò lè kà á, ló bá fi orúkọ àwọn àdúgbò Ìbàdàn sọ wọ́n. Iwájú orí ni Mápó, torí ó ga. Ìdodo ni Ọjà'ba, torí kò sí nǹkan tí kì í gba ibẹ̀ kọjá. Orúnkún ni Bẹẹrẹ. Ọrùn ẹsẹ̀ ni Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì. Ẹ̀yìn ọrùn ni Agodi, torí ibẹ̀ ni ìjọba wà, kì í sì í tètè dáni lóhùn.

Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti ń dáwọ́ dúró máa ń wá, ooru á bò wọ́n lójijì, wọ́n á máa fi gèlè fẹ́ ara wọn.

"Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà ní Bẹẹrẹ," Àǹtí á wí. "Ooru yín fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì, kò ráyè, ló ṣe ṣẹ́rí padà sí Mápó. Ẹ na ẹsẹ̀, ká lọ là á."

Abẹ́rẹ́ tuntun ló ń ṣí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò lo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì rí. Ìyá kan wá láti Òkè-Àdó, ó fẹ́ ná an.

"Àǹtí, ẹ bá mi lo tàná, kẹ́ ẹ dín in kù fún mi."

"Tàná ta ni?"

"Tèmi náà ni. Kò sí àjèjì níbẹ̀."

"Ṣé ẹ máa ń fi omi tẹ́ ẹ fi wẹ̀ lánàá wẹ̀ lónìí?"

Ìyá náà ronú. "Tómi bá wọ́n."

Ọ̀fẹ́ ni Àǹtí gún un lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kì í jáde lẹ́nu Àǹtí: "N ò lè ṣe é." Ẹ̀yìn dídùn, inú rírun, àìróorunsùn, gbogbo ẹ̀ ló gbà wọlé. Bí ara oníbàárà ò bá yá, ó ní ìjókòó rẹ̀ ni ò tọ́.

Ìyẹn ló ń ba Ọláyíwọlá lẹ́rù nígbà tó kan Mujeebat, ìyàwó rẹ̀. Nǹkan oṣù Mujeebat máa ń dùn ún gan-an. Abẹ́rẹ́ Àǹtí mú kí ìrora náà fúyẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ ò dá mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin di mẹ́wàá. Mujeebat ń di ògiri mú kó tó lè rìn. Ọláyíwọlá ní kí wọ́n lọ sí ọsibítù, Mujeebat ní kò sí ibi tóun ń lọ, Àǹtí tó òun. Ọláyíwọlá mọ̀ pé tí Àǹtí ò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ìyàwó òun lè kú sílé. Ó sì mọ̀ pé Àǹtí ò ní sọ ọ́, pàápàá lójú èèyàn. Obìnrin mẹ́jọ ló jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àǹtí fa ìpéǹpéjú Mujeebat wálẹ̀. Inú rẹ̀ funfun. Ó wo bébà ara ògiri, láti Mápó dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì. Ó wò ó pẹ́. Ló bá pa páálí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dé.

"Àǹtí, ẹ ò ní gún mi ni?"

"Ọ̀nà yìí ò sí lórí bébà mi, ọmọ mi."

"Ẹ kàn gbìyànjú, ẹ jọ̀ọ́."

"N ò lè ṣe é!" Ó pariwo rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o! Hilda ò lè ṣe é! Ẹni tó bá fẹ́ rojọ́, kó rò ó dé Ọjà'ba! Ọláyíwọlá, wá mọ́tò!"

Ní ọsibítù, dókítà ní fáíbírọ́ìdì ni, kókó inú ilé ọmọ. Wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n á sì ṣe iṣẹ́ abẹ. Àǹtí fa dókítà lápá.

"Dókítà, tẹ́ ẹ bá dé Ọjà'ba, ẹ rọra. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà."

"Mà, n ò fi bẹ́ẹ̀ mọ Ìbàdàn. Ọmọ Èkìtì ni mí."

"Yéè! Ọláyíwọlá, ẹni tí ò mọ̀nà ni wọ́n fẹ́ rán wọ inú ìyàwó rẹ!"

Wákàtí mẹ́ta ni Àǹtí fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ìka wá ọ̀nà lórí ikùn ara rẹ̀. Ọláyíwọlá ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó di ọwọ́ Ọláyíwọlá mú. Nígbà tí dókítà jáde tó ní ó ti bọ́ sí i, Àǹtí dì mọ́ ọn, ó sunkún sí i léjìká. Ó wá nu ojú.

"Ibo lẹ padà gbà?"

Gbogbo èèyàn rò pé iṣẹ́ Àǹtí ti bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin mọ́kànlélógún ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Muslimat ní òun ò fọkàn tán an tó báyìí rí.

Oṣù kẹta ọdún yìí ni Àǹtí sùn, tí kò jí. Ọláyíwọlá ò sunkún níbi ìsìnkú. Ó ti yàrá tí Àǹtí ti ń gún abẹ́rẹ́ pa. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ó ní òun ò lè máa rí bẹ́ẹ̀dì tí àwọn oníbàárà Àǹtí ń dùbúlẹ̀ sí lójú fèrèsé mọ́. Ó fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó tú u. Òun di orí bẹ́ẹ̀dì mú, Mujeebat di ẹsẹ̀ mú. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti bá ìyá arúgbó kan pàdé.

"Ẹ kúulé o. Àǹtí ń kọ́?"

"Wọ́n ti lọ sinmi, Mà," Mujeebat wí.

"Háà." Ìyá náà dúró. "Ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Ẹsẹ̀ ò gbé mi mọ́."

Wọ́n gbé e sílẹ̀. Ìyá náà jókòó, ó wá kúkú dùbúlẹ̀, ó di ojú. Ọláyíwọlá wo ìyàwó rẹ̀.

"Mà, a ń gbé e lọ ni."

"Mo rí i. Mi ò sanra, ẹ lè gbé e báyìí."

Mujeebat bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì í, ó ń fọwọ́ ra á lórúnkún.

"Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níjọ́ tó pariwo pé òun ò lè ṣe é," ìyá náà wí. "Irú ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń da ọmọ mi láàmú nílé. Mo dìde, mo lọ mú un lọ sí ọsibítù. Ó wà láyé. Mo ní kí n wá dúpẹ́, mo ń sún un síwájú, mo ń sún un síwájú."

Omi ń dà lójú Ọláyíwọlá. Ìyá náà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Jókòó. Ó gba èèyàn mẹ́ta."

Ó jókòó. Bẹ́ẹ̀dì há ẹnu ọ̀nà pátápátá, kò sẹ́ni tó lè wọlé, kò sẹ́ni tó lè jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí oòrùn fi rọ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ Àǹtí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá náà dìde láti máa lọ, inú yàrá ni Ọláyíwọlá gbé bẹ́ẹ̀dì náà padà sí.