Òǹtẹ̀ Tí Kò Lórúkọ Ìlú

Èmi tí ìdánwò ìwé mẹ́fà lé kúrò nílé ẹ̀kọ́ ni mo wá ń kó àpòòwé ogun àwọn sọ́jà orí omi jọ. Tí òórùn gọ́ọ̀mù àtijọ́ bá kàn mí nímú, ọ̀sán tí lẹ́tà bàbá mi ti inú ọkọ̀ ogun dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń rántí. Ìyá mi na àpòòwé sóòrùn, ó ń wo òǹtẹ̀ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lù ú, èyí tó yẹ kó sọ ìlú tó ti wá.

“Kò sórúkọ ìlú lára rẹ̀! Obìnrin ló fi pamọ́ síbẹ̀.”

“Ìyàwó, ogun lọmọ mi lọ,” ni ìyá àgbà wí.

“Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọmọ yín, Ìyá.”

Èmi ti ń fún àwọn àbúrò tí obìnrin yẹn máa bí fún mi lórúkọ.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé àwọn ológun ló ń fi orúkọ ìlú pamọ́ lára òǹtẹ̀ kí ọ̀tá má baà mọ ibi tí ọkọ̀ wà.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà náà dé, ìyá mi ní kí n kọ èsì: “Ẹ bá wa kí ìyàwó yín.”

Nígbà tó yá, bàbá mi fèsì: “Ìyàwó wo?”

Ìyá mi pàtẹ́wọ́. “Ẹ ò rí i? Ó ti ń sẹ́!”