Oríkì Tí Kì Í Ṣe Ti Ilé Wa

Obìnrin kan ń yan gàrí lẹ́bàá títì ní Moniya lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí òórùn kíkan rẹ̀ ṣe bá èéfín wọ imú mi, mo tún di ọmọdé ní ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà ní Ìrókò.

Ọ̀sán ni. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú dé, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá àgbà ń yan gàrí lọ nínú agbada, wọ́n sì ń kì í: "Ọmọ ẹwìrì, ọmọ iná tí kì í kú!"

Ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà lóbìnrin, tí ìyá àgbà ń pè ní ọkọ wọn, ju ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó sílẹ̀.

"Ìyàwó, oríkì alágbẹ̀dẹ nìyẹn! Ahunṣọ ni wá nílé yìí."

"Ọmọ mi ni mò ń kì, ọkọ mi. Bó bá dùn yín, ẹ di etí."

"Ohun tí a ti bò látọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ bò ó. Èmi kọ́."

Ìyá àgbà tún un kì, ohùn wọn dé ojúde. Ìyá mi ń nu ojú; mo rò pé èéfín ni.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ kan ní Akínyẹlé, ẹni tí ìyá àgbà fẹ́ràn tí àwọn òbí wọn ò jẹ́ kí wọ́n fẹ́, ló bí ìyá mi.

Nígbà tí mo ti Moniya délé, ọmọbìnrin mi kúnlẹ̀ kí mi. Àlejò kún pálọ̀. Mo gbóhùn sókè:

"Ọmọ ẹwìrì, ọmọ iná tí kì í kú!"