Bí Mo Ṣe Gbé Màámi Gun Òkè Ọ̀kà Lórí Síkútà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Tún Ṣe

Ìkùukùu ṣì bo àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìkàrẹ́ nígbà tí mo ti síkútà mi jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn. Màámi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wọ súwẹ́tà, wọ́n fi gèlè di etí méjèèjì, wọ́n sì gbé báàgì dání bí ẹni tó ń lọ sí Èkó.

"Ibo ni kí n dì mú?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹ di èmi mú, Màámi."

"Ta ni ó wá di ìwọ mú?"

Mo gbàdúrà sínú, mo tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ sì dáhùn.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí a ń wá lọ. Ilé-ìwé aládàáni kan ní Òkè-Ọ̀kà ti gbà mí síṣẹ́ olùkọ́, ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo sì máa bẹ̀rẹ̀. Òkè-Ọ̀kà kò jìnnà sí Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n orí òkè ni, bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí. Èmi àti Màámi nìkan la jọ ń gbé. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kò lè fa omi kànga mọ́. Bí síkútà bá lè máa gun òkè yẹn láràárọ̀, n ó máa tilé lọ, n ó máa tilé bọ̀. Bí kò bá lè gùn ún, n ó gba yàrá tí ìyá kan ń dá dúró fún mi níbẹ̀, Màámi á sì máa dá gbélé. Ìyá onílé náà ti kìlọ̀ pé òun kò ní lè dúró kọjá ọjọ́ Sátidé yìí, torí àwọn mìíràn ń bèèrè yàrá náà. Nígbà tí Màámi gbọ́, wọ́n ní àwọn náà á bá mi lọ, kí àwọn lè fojú ara àwọn rí ibi tí mo fẹ́ máa lọ.

Bí mo bá sọ pé torí orúnkún Màámi nìkan ni mi ò ṣe fẹ́ gba yàrá náà, mo tan ẹ̀yin òǹkàwé jẹ. N kò tíì dá gbé rí. Nígbà tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀, àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá kan, síbẹ̀ n kì í lè sùn láìpe Màámi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ojú ti mi, ó sì ń tì mí. Ṣùgbọ́n ìtìjú kò dín ẹ̀rù kù, ńṣe ló ń di méjì.

Mo ti kọ́kọ́ dán òkè náà wò ní èmi nìkan. Síkútà kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní kọ́nà kejì, mo sì tì í padà sísàlẹ̀. Mẹkáníìkì àdúgbò wa yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣéènì àti jíà ni iṣẹ́ tèmi. Èyí tó ní bẹ́líìtì bíi ẹ̀rọ ìlọta yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bà á jẹ́ fún yín." Mo yá sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò lórí fóònù.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ wù mí débi pé n kò rántí jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Síkútà kò ní jíà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Níbi tí bẹ́líìtì ti bẹ̀rẹ̀, àwọn irin róbótó kéékèèké kan wà nínú àwo irin kan. Rólà ni àwọn tó ń tà á ń pè wọ́n. Bí ẹ̀rọ bá ti ń yí kíákíá, rólà á máa sá lọ sí etí àwo, wọ́n á ti bẹ́líìtì sókè, máṣíìnì á sì kúrò ní jíà agbára bọ́ sí jíà eré. Rólà tó wúwo máa ń tètè sá. Ìyẹn dára lójú títì tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n lórí òkè, ó dà bí ẹni tó ń fo àtẹ̀gùn mẹ́ta mẹ́ta, kò ní pẹ́ tí èémí rẹ̀ á fi tán. Àwọn tó wà nínú tèmi wúwo, wọ́n sì ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ra èyí tó fúyẹ́ lọ́jà Ìkàrẹ́. Mo fọ kábúrétọ̀, mo gbọn eruku inú fítà afẹ́fẹ́, mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo sì fi wáyà ha èédú inú sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde. Nígbà tí mo tò ó padà tí nọ́ọ̀tì kankan kò ṣẹ́ kù sílẹ̀, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì lọ.

Níbi tí a ti ra epo, lítà kan lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún náírà. Mo ní kí wọ́n bu lítà méjì péré.

"Kí ló dé tí o kò jẹ́ kó kún?" ni Màámi wí.

"Mi ò fẹ́ kí ó wúwo jù."

"Lítà epo ló wúwo lójú rẹ, àbí? Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn rẹ yìí, ìyẹ́ adìyẹ ni mí."

Ọmọbìnrin tó ń ta epo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó rẹ́rìn-ín.

Láti Ìkàrẹ́ dé Akùngbá, ọ̀dà ni ojú títì, àyàfi ibi tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ pupa dí kòtò. Àpáta dúró lọ́tùn-ún lósì. Tírélà ló ń bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀, nítorí bí ọ̀kan bá kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á ti síkútà bí ìgbà tí èjìká ń tini lọ́jà. Màámi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí orúnkún wọn, nítorí náà mo ní láti máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé rólà tuntun ń ṣiṣẹ́: eré máṣíìnì dín kù díẹ̀ lójú títì tó tẹ́jú, ó sì ń ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

A dúró ní Akùngbá kí fọkanáísà lè fi afẹ́fẹ́ kún táyà ẹ̀yìn. Láàárọ̀ Sátidé, ìlú náà di ti àwọn ọmọ yunifásítì. Aṣọ tí wọ́n fọ̀ wà lórí gbogbo ògiri, bẹ́ẹ̀ kò sí ìyá tó máa gbà kí a sá ṣòkòtò sójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa. A ra àkàrà, ọgọ́rùn-ún náírà ni ọ̀kan, kò sì tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ. Màámi ní owó àwọn tó ní ìwé lọ́wọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa.

Àwọn ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ ti ń wò wá. "Àǹtí," ni ọ̀kan wí, "ata mélòó lẹ fẹ́ lọ̀?"

Èyí tó dàgbà jù láàárín wọn kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ bọ́ sórí tèmi. Èyí á dá yín dúró sí ìdajì òkè."

"Bó bá dá wa dúró, o ṣáà máa kọjá níbẹ̀," ni Màámi dá a lóhùn. "Wàá bá wa tì í."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìdajì òkè tó dárúkọ yẹn gan-an ni máṣíìnì ti kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn Etioro, oko ẹ̀gẹ́ ni ó pọ̀ jù, ariwo sì dín kù. A wọ Ọ̀kà, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ga díẹ̀díẹ̀, títí a fi dé ìsàlẹ̀ òkè gan-an. Mo sọ fún Màámi pé a kò gbọ́dọ̀ dúró níbikíbi, torí bí a bá dúró lórí dagẹ̀rẹ̀, gbígbéra á le. Wọ́n ní ó dáa.

Bí a ṣe bọ́ sí kọ́nà àkọ́kọ́, bàbá kan ń gòkè pẹ̀lú àdá àti ìdì igi.

"Dúró kí n kí wọn," ni Màámi wí.

"Màámi, mo sọ pé a kò lè dúró."

"Kí n kọjá lára àgbà bí ewúrẹ́?"

N kò dúró. Ṣùgbọ́n eré wa kéré débi pé kò sí ohun tó bàjẹ́. Màámi ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá." Bàbá dáhùn. Wọ́n bèèrè ilé, bàbá bèèrè ọ̀nà. Wọ́n bèèrè àwọn ọmọ, bàbá ní Olúwa ń ṣọ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n ṣàdúrà fún ara wọn tán ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá igi tó wà léjìká rẹ̀. Ẹ̀rọ ń ké bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ lọ́yẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò lọ sílẹ̀. Kọ́nà kejì dé, mo di èémí mú. Kọ́nà kejì kọjá. N kò lè ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi láyà. Ó dà bí ẹni pé ohun kan tí mo ti gbé lérí láti ilé-ìwé gíga já bọ́ lẹ́yìn mi. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n mo nílò ojú mi.

Afẹ́fẹ́ tutù ní Òkè-Ọ̀kà ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Mo rí i pé wọ́n to dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ òrùlé kí omi òjò lè kún inú wọn, bí àwa ṣe ń gbójú lé kànga. Ìyá Rẹ̀mí, onílé tí mo sọ, bá Màámi sọ̀rọ̀ ní èdè ìlú wọn. Màámi gbọ́ ìdajì, wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìyókù. Nígbà tí ó kọjú sí èmi, ó bọ́ sí Yorùbá inú ìwé. Ó fún wa ní iṣu sísun pẹ̀lú epo àti iyọ̀, ó sì fi yàrá hàn mí. Yàrá náà mọ́. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àfonífojì. Ó yẹ kí n fẹ́ràn rẹ̀.

"Kí la ti rí i sí?" ni Ìyá Rẹ̀mí bi mí.

"Ẹ jọ̀wọ́ Mà, ẹ fún mi dìrọ̀lẹ́."

"O ti gòkè ná. Kí ló kù?"

"Ó kù kí n délé."

Ó wo Màámi, Màámi wo iṣu. Mo jáde lọ wo síkútà bóyá epo ń kán lára rẹ̀.

Àṣìṣe mi kò hàn sí mi àfi ìgbà tí a ń sọ̀kalẹ̀. Gbogbo ohun tí mo tún ṣe, torí gígùn òkè ni. N kò ronú kan sísọ̀ rí. Mo dá iná ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó ń mú ẹ̀rọ sáré, padà pátápátá, mo fún bíréèkì méjèèjì mọ́wọ́. Bí a ṣe dé ibi tó dagẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ̀rọ dákẹ́ nísàlẹ̀ wa bí ẹni tó tú ọwọ́ sílẹ̀, máṣíìnì sì ń yí lọ bíi kẹ̀kẹ́ ológeere. Mo fún bíréèkì sí i. Ó ti ń rọ̀ lọ́wọ́ mi.

"Kí ló ń jóná?" ni Màámi wí. "Ó ń rùn bí ìwo àgbò tí wọ́n ń sun."

"Bíréèkì ni, Màámi."

"Ṣé ó yẹ kó máa jóná?"

"Rárá."

"Dúró nígbà náà."

"Mò ń gbìyànjú láti dúró, Màámi."

Etí àpáta pẹrẹsẹ kan ni a rí dúró sí, níbi tí obìnrin kan sá láfún sí. Ó kí wa kú ewu, ó sì fẹ́ da omi sí táyà ẹ̀yìn tó ń rú èéfín, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe é, kí irin má baà sán. Ẹ̀rù ikú kọ́ ni ó pọ̀ jù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀, síbẹ̀ yàrá yẹn ni mo máa padà gbà.

Mo jókòó ti síkútà, mo ń wò ó. Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi tú ọwọ́ sílẹ̀? Mo wá rántí kílọ́ọ̀ṣì tí mo rí nígbà tí mo tú u. Apá irin mẹ́ta ni ó ní. Bí ẹ̀rọ bá ń yí dáadáa, wọ́n á nà jáde, wọ́n á gbá táyà mú. Bí ó bá rọ̀ jù, wọ́n á ká wọlé. Torí pé mo dá iná padà tán, wọ́n ti ká wọlé. Bí mo bá fún un níná díẹ̀, wọ́n á tún gbá táyà mú, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á sì máa dì wá lẹ́yìn.

Nígbà tí bíréèkì tutù, mo kọ́kọ́ dán an wò ní èmi nìkan níbi tí kò dagẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Mo fún un níná díẹ̀, mo gbọ́ tí ó mú, mo sì rọra dá a padà láìjẹ́ kó tán. Síkútà fà sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Mo padà wá gbé Màámi.

"Kí ló dé tí o ń fún un níná?" ni wọ́n pariwo sí mi létí. "Ìsàlẹ̀ là ń lọ."

"Kí ó lè rọra ni, Mà."

"O fún un níná kí ó lè rọra?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwé tí o kà yìí pọ̀."

Ṣùgbọ́n ó rọra. Bíréèkì kò jóná mọ́ títí a fi dé ìsàlẹ̀, a sì kọjá Akùngbá láìdúró. Oòrùn ń lọ sẹ́yìn àpáta nígbà tí a wọ Ìkàrẹ́.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé bí ẹ̀rù bá bà mí, gbogbo iná ni mo máa ń pa lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì máa ń rò pé ìyẹn ni ìṣọ́ra. Iná díẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ ló gbé wa délé. Mo pinnu láti ra bíréèkì tuntun sí ẹ̀yìn kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó dé, kí n sì máa tilé lọ.

Mo pe Ìyá Rẹ̀mí. Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ fún ẹlòmíràn ní yàrá náà."

"Ọ̀sán ni mo ti fún ẹlòmíràn," ló dáhùn. "Ìyá rẹ ló ní kí n fún un."

Mo yíjú sí Màámi. Wọ́n ti na ẹsẹ̀ sórí àpótí, wọ́n ń fi òróró pa orúnkún.

"Màámi, ìgbà wo lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Nígbà tí o wà níta tí ò ń wo abẹ́ máṣíìnì."

"A ò tíì sọ̀kalẹ̀ nígbà náà. Ká ní bíréèkì ti bàjẹ́ ńkọ́?"

Wọ́n dé ìgò òróró. "Ó bàjẹ́ náà. Ṣé a ò délé ni?"