Ọdún Tí Mo Ní Kí Bàbá Mi Má Lọ Oko Mọ́

Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Èrúwà. Lọ́dọọdún, tí mo bá dé ibi ẹ̀kọ́ nípa ọjọ́ ogbó, mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó pé sẹ́ẹ̀lì ara a máa pín láti fi rọ́pò èyí tó ti gbó, ṣùgbọ́n ó ní iye ìgbà tó lè pín mọ. Tó bá yá, àtúnṣe ara kò ní í lè bá ìbàjẹ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé wọn, èmi náà á nu pátákó, mà á bá tèmi lọ. Mo rò pé mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Igbó-Ọrà ni bàbá mi ń gbé, oko rẹ̀ sì wà ní abà kan lójú ọ̀nà Tápà. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí ni wọ́n jọ wà nínú ilé. Láràárọ̀, àfi ọjọ́ Sọ́ńdè tó máa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọlọ́kadà kan tí òun náà ti ní ọmọ-ọmọ á wá gbé e lọ sóko, á sì lọ gbé e wálé nírọ̀lẹ́.

Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà tó ṣubú láàárín ebè. Ọwọ́ òsì rẹ̀ yẹ̀ lóríkèé. Ibẹ̀ ló jókòó sí nínú oòrùn láti ọ̀sán títí ọlọ́kadà fi dé. Nígbà tí mo bá wọn nílé ìwòsàn, erùpẹ̀ ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ojú tì mí. Kí n má purọ́, ìtìjú náà ju àánú lọ. Ohun tí àwọn èèyàn máa sọ ni mò ń rò, pé ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ tíṣà, òun ṣì ń kọ ebè.

Mo sọ fún un pé oko ti parí. "Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, Bàbá. Ẹ jókòó, kí ẹ sinmi."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí?"

Mo jáde lọ bá ọlọ́kadà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbé e lọ sóko mọ́. Ó bi mí pé:

"Tíṣà, ṣé ẹ ti bá Bàbá sọ ọ́?"

Mo ní mo ti sọ ọ́. Mo wá ẹnì kan ní abà tí yóò máa bá wa tọ́jú oko.

Ọwọ́ Bàbá san láàárín oṣù méjì. Àmọ́ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé tí mo bá lọ wò ó, ṣe ló dà bíi pé ó ti dín kù sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìrìn rẹ̀ falẹ̀, oúnjẹ kò wù ú, ó sì ń sùn lọ́sàn-án gangan. Mo ní ọjọ́ orí ni. Bẹ́ẹ̀ èmi kan náà ni mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé iṣan tí a kò bá lò, ṣe ló máa ń rọ.

Ní Sátidé kan, a jọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé ìwé ìdánwò lé itan, mò ń máàkì.

"Ìyá mi," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ìwọ tó o kàwé, kí ló dé tí èèyàn fi ń gbó, tó sì ń kú? Tí mo bá gé orí iṣu, tí mo gbìn ín, yóò tún di iṣu. Kí ló dé tí tèmi ò rí bẹ́ẹ̀?"

Mi ò gbójú sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé sẹ́ẹ̀lì fún un gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe ní kíláàsì. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"O ṣé. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lo sọ yẹn. Ohun tó fà á ni mo bi ọ́."

Ó tẹ̀ síwájú. "Èyí tí a gbìn máa ń jẹrà nínú ebè kí tuntun tó ráyè ta. Mo ti mọ ìyẹn tipẹ́. Kì í ṣe ikú ló ń dùn mí. Mo kàn fẹ́ kó bá mi níbi tí mo ti ń ṣe nǹkan kan ni. Gbé mi lọ wo oko. Mi ò ní í fọwọ́ kan ọkọ́."

"Ẹ jẹ́ kí ìdánwò parí, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré."

"Ó dáa," ló sọ. Kò mẹ́nu bà á mọ́.

Ìdánwò wọ ọ̀sẹ̀ kẹta. Ní Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ náà, àbúrò rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ní Bàbá wẹ̀, ó mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó ní òun fẹ́ rọra fẹ̀yìn lélẹ̀, kò sì dìde mọ́. Gbogbo èèyàn ló ń bá wa yọ̀ pé ikú ìrọ̀rùn ni. Kò sẹ́ni tó bi wá pé kí ló pa á.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn àlejò ti ń lọ, ọlọ́kadà wá bá mi lẹ́yìnkùlé. Ó ní láti ìgbà tí mo ti kọ̀ fún òun, òun kò yéé gba iwájú ilé kọjá láràárọ̀. Bàbá á ti jókòó, á ti wọ aṣọ oko, bàtà rọ́bà á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á kí ara wọn. Bàbá á bi í bóyá òjò ti rọ̀ ní ìhà Tápà. Lẹ́yìn náà á ní, "Máa lọ. Ọmọ mi ní kí n sinmi."

Kó tó di ọ̀sán, á ti bọ́ aṣọ náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí i rí. Àbúrò rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n òun àti Bàbá ò fẹ́ kí n bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù: inú ilé tirẹ̀ ni bàbá mi ti ń bẹ̀rù ìbínú mi.

Mi ò lè sọ pé ká ní mo jẹ́ kó máa lọ ni, kò ní í kú. Yóò kú. Ìyẹn ni mo mọ̀ dáadáa, tí mo sì jẹ́ kó bo ìyókù mọ́ mi lójú.

Àbúrò rẹ̀ náà ti di arúgbó báyìí, ó sì ń gbé gààrí lọ sí ọjà Lánlátẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dá a dúró. Mo ní mi ò ṣe. Lóṣù tó kọjá, ó tiro wọlé láti ọjà. Mo fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà fún un, ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tí mo ṣe tán, mo bi í ìgbà tí ọjà mìíràn máa bọ́ sí, kí n lè wá gbé e lọ.